Ọpọlọ Matrix Mi àti Ọgbà Tòkunbọ̀ tó Wà ní Ọ̀nà Ìkìrun

Gbólóhùn kan ló mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tajà ní ọgbà àwọn onípààtì tòkunbọ̀ ní ọ̀nà Ìkìrun, níbí ní Òṣogbo, ló sọ ọ́ sí mi lójú ní òwúrọ̀ Sátidé kan, nígbà tí mo gbé ọpọlọ ọkọ̀ àlòkù tí ó tà fún mi ní ọjọ́ Ẹtì padà wá. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ lọ bá mẹ́káníìkì yín jà. Ọjà tó bá ti kọjá géètì yìí, a kì í gbà á padà." Kò dìde lórí bẹ́ǹṣì tó jókòó lé. Kò bojú wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà owó mi wà lọ́dọ̀ wọn, kò sí rìsíìtì, oòrùn sì ti ń mú bọ̀. N kò ní dárúkọ ọgbà náà, n kò fẹ́ ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó ń wá ẹ̀yà ara fún ọkọ̀ tó ti dàgbà mọ ohun tó lè bá pàdé níbẹ̀.

Toyota Matrix 2005 ni ọkọ̀ mi, ọ̀tòmátíìkì. Mo rà á ní 2014, òun ló sì ń gbé mi láti Ọ̀tà-Ẹ̀fun lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. N kò ní máa ṣàlàyé bí Matrix ṣe rí fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó kún ìgboro. Iná ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lára dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà ni jíà ń já bí ẹni pé wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn gbá mi lẹ́yìn, títí di ọjọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì kú mọ́ mi lọ́wọ́ lábẹ́ afárá Ọláìyá, tí àwọn ọlọ́kadà ń bú mi lọ́tùn-ún lósì. Mẹ́káníìkì mi pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ kọ́ìlì, ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Owó ń lọ, àìsàn kò lọ. Rìwáyà tó gbé ẹ̀rọ ìyẹ̀wò wá ló sọ pé ọpọlọ ọkọ̀ ni, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tí gbogbo onímọ́tò ń pè ní brain box, tó fara sin sẹ́yìn ibi tí a ń kó ìwé ọkọ̀ sí níwájú ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

Mo lọ kà nípa rẹ̀ fúnra mi, mo sì rí i pé àìsàn náà ti lókìkí tipẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010, Toyota pe Corolla àti Matrix ọdún 2005 sí 2008 padà fún àtúnṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, iye wọn ju mílíọ̀nù kan lọ, nítorí pé ojú ibi tí wọ́n ti fi òjé jó nǹkan pọ̀ lórí pátákó inú brain box náà lè sán. Bí ó bá ti sán, iná yóò máa tàn, jíà yóò máa já, ẹ́ńjìnnì lè kọ̀ láti dáhùn, ó sì lè kú lórí ìrìn. Bó ṣe ṣe mí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rù tó wá bà mí ni pé àlòkù tí mo fẹ́ lọ rà, inú àwọn ọkọ̀ ọdún kan náà ni wọn yóò ti yọ ọ́. Bí ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà ní òkè òkun kò bá gbé e lọ fún àtúnṣe yẹn, àìsàn tí mo ń sá fún gan-an ni n ó fi owó mi rà wálé. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn kí n tó dé ibẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí n dán an wò kí n tó sanwó.

Ọgbà náà wà létòlétò, mo gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Wọ́n gé iwájú ọkọ̀ kúrò lára ẹ̀yìn, wọ́n sì tò wọ́n ní ìlà, ti Corolla lọ́tọ̀, ti Camry lọ́tọ̀, ti Sienna lọ́tọ̀, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọdún sára gíláàsì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti rin Ládípọ̀ ní Mùṣín tàbí Gate ní Ìbàdàn rí yóò mọ iyì irú ètò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti wọlé, mẹ́káníìkì mi nìkan ni ọmọkùnrin náà ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń béèrè, mẹ́káníìkì ló ń dá lóhùn. Mo ní kí ó jẹ́ kí n wo nọ́ńbà ara àpótí náà, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi sọ fún mọ́mì pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Corolla àti Matrix, ìkan náà ni." Mo béèrè pé ṣé a lè fi í sínú ọkọ̀ níbẹ̀, ó ní kò sí àyè, pé oníbàárà ń dúró. Kò sí ẹlòmíràn nínú ọgbà lásìkò náà ju ọkùnrin kan tó ń wá sítátà lọ. Ó dùn mí pé mo gbà. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mẹ́káníìkì mi sì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ máa lọ sílé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, rìwáyà tú orí bátìrì, ó fi àpótí náà sí i. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì pariwo ìdùnnú. Ìgbà tí mo fi jíà sí ìrìn ni ọkọ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì gun òkè, jíà kò yí padà títí mo fi dé ìkángun àdúgbò. Mo tan iná fóònù sí àpótí náà. Lórí bébà funfun kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661 bíi ti tèmi, ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ̀lé dáàṣì kò jọra rárá. Nínú nọ́ńbà Toyota, márùn-ún àkọ́kọ́ ló ń sọ irú ẹ̀yà tí ó jẹ́: 89661 ni brain box, 28100 ni sítátà. Àwọn tó wà lẹ́yìn dáàṣì ló ń sọ èyí tí ó jẹ́ gan-an nínú ẹbí yẹn. Ọmọkùnrin náà mọ ìdílé, kò mọ ọmọ.

Bí mo ṣe padà dé ibẹ̀ ní Sátidé nìyẹn, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, tí ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi nọ́ńbà méjèèjì hàn án. Ó ní nọ́ńbà kò níṣẹ́ tó ń ṣe. Mo ní kí ó pe ọ̀gá rẹ̀, ó ní ọ̀gá lọ sí ìkómọ. Mo ní n ó dúró. Ó ní kí n dúró síta géètì, nítorí pé ọkọ̀ mi ń dí ọ̀nà. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó sínú ọkọ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sì ń kọ ohun tí n ó kọ síbí sínú fóònù, ó gùn, ó sì korò ju èyí tí ẹ ń kà yìí lọ.

Alájì dé ní nǹkan bí aago méjìlá kọjá, nínú aṣọ ìkómọ, pẹ̀lú fìlà tó bá a mu. Mo kí wọn, mo sì ń ro bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti na ọwọ́ gba àpótí náà. Wọ́n wo bébà ara rẹ̀, wọ́n wo ọkọ̀ mi, wọ́n sì bi mí pé, "Màdáámù, jíà àfọwọ́yí ni tiyín ni, àbí ọ̀tòmátíìkì?" Láti ọjọ́ Ẹtì, kò sí ẹnikẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo ní ọ̀tòmátíìkì ni. Wọ́n mi orí. "Ti àfọwọ́yí ni wọ́n gbé fún yín. Èyí mọ ẹ́ńjìnnì darí, kò mọ jíà. Ẹ má bínú." Wọ́n wá yíjú sí ọmọkùnrin náà, wọn kò pariwo, wọ́n ní, "Gbé àpótí sípánà." Ó dìde lórí bẹ́ǹṣì.

Wọ́n mú mi lọ sí ìdí ògiri ẹ̀yìn, níbi tí koríko ti yí ọkọ̀ pupa kan ká. Pontiac Vibe ni. Ọkàn mi tún bàjẹ́, mo ní, "Alájì, Toyota ni tèmi." Wọ́n ní, "Ìbejì ni wọ́n, màdáámù. Táyé ni tiyín, Kẹ́hìndé nìyí. Aṣọ nìkan ni wọn kò rà pọ̀." Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò lẹ́yìn náà, òótọ́ sì ni. Toyota àti General Motors ló jọ ṣe ọkọ̀ méjèèjì. Cambridge ní Kánádà ni wọ́n ti ń to Matrix, Fremont ní California ni wọ́n ti ń to Vibe, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE olítà 1.8 kan náà ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Alájì ní bọ́ńpà àti iná iwájú ni kí n má wulẹ̀ bá a lò, wọn kò bára mu, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n máa fojú tèmi wò ó. Wọ́n ní àwọn ènìyàn ń sá fún Vibe nítorí pé General Motors ti pa orúkọ Pontiac rẹ́ láti 2010, wọ́n sì rò pé pààtì rẹ̀ ti tán.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n gbé e lé orí ọkọ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ìjókòó pẹ̀lú aṣọ ìkómọ wọn, wọ́n sì yọ àpótí ìkówèésí kúrò. Wọn kò tíì fọwọ́ kan brain box náà. Wọ́n fi àtàǹpàkò nu eruku kúrò lórí nọ́tì tó dè é mọ́lẹ̀, wọ́n sì ní kí n tẹ̀ ba. "Ẹ wo etí nọ́tì yìí." Etí rẹ̀ ti họ, ó ń dán, bẹ́ẹ̀ ni àwọn nọ́tì tó kù ní àyíká rẹ̀ ṣì wà bí ilé iṣẹ́ ṣe dè wọ́n, láìsí àpá kankan. Bébà ara àpótí náà sì funfun ju gbogbo ohun tó yí i ká lọ. "Ẹnì kan ti fi sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá tú èyí rí kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti bá wọn pààrọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún." Vibe náà wà lára àwọn tí wọ́n pè padà fún àtúnṣe ní 2010. Ohun tí mo kà nínú fóònù fún alẹ́ mẹ́ta, nọ́tì kan ni Alájì fi kà á. Orí mi wú.

Wọ́n fi í sínú Matrix mi fúnra wọn, wọ́n ní kí n lọ wà á fún ogún ìṣẹ́jú kí n tó san kọ́bọ̀ kún un. Mo gba ọ̀nà Ìkìrun lọ, mo ń ka jíà bó ṣe ń yí, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, ó ń lọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Mo sunkún díẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn kí n tó yí padà.

Ìgbà tí mo padà dé, Alájì ti lọ kírun. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin ni ti Vibe náà, mo sì ṣe tán láti fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kún owó tó wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọkùnrin náà ní ó ku ẹgbẹ̀rún márùn-ún owó ìtúlẹ̀. Mo ní Alájì ló tú u. Ó ní òfin ọgbà ni. Mo bèèrè rìsíìtì, ó ya ìdajì páálí púlọ́ọ̀gì, ó fi bírò kọ "Brain 1" sí i, kò sí iye, kò sí ọjọ́, kò sí orúkọ. Mo tún ti sanwó rìwáyà ti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì pàdánù ẹ̀kọ́ àfikún tí mo máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ní Sátidé. Kò sí ẹni tó ní kí n má bínú lórí ìwọ̀nyẹn. Bí Alájì kò bá tètè kúrò ní ibi ìkómọ, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin mi ì bá ti wọmi nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo tí ọmọ ọjà kò bi mí.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá. Ẹ́ńjìnnì kò kú mọ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù kò tàn mọ́, mo sì ti gba abẹ́ afárá Ọláìyá kọjá lójoojúmọ́ láìdi sítẹ́rìn mú bí ẹni tó fẹ́ wọ odò.

Máàkì méjì nínú márùn-ún ni mo fún ọgbà náà. Rédíétọ̀ mi ti ń jò díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì ti pe Alájì pé kí wọ́n má ta ti Vibe pupa yẹn fún ẹlòmíràn. Sátidé tó ń bọ̀ ni n ó lọ mú un, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé láti ibi ìgbéyàwó.