iPod Àkọ́kọ́ àti Oyè Jony Ive: Ohun Tí Ẹ̀rọ Náà Ń Jẹ́rìí Sí

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde orúkọ Jony Ive, olórí àwọn dísáínà ní ilé iṣẹ́ Apple nígbà náà, mọ́ ti àwọn tí yóò gba oyè KBE, oyè ọba tó ń sọ ọkùnrin di “Sir”, nínú àkójọ ọdún tuntun 2012, àwọn ènìyàn pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà, ìyàtọ̀ èrò náà kò sì tíì parẹ́. Àwọn kan sọ pé ọmọ bíbí Chingford ní Lọ́ńdọ̀nù, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé, tọ́ sí i, àní pé oyè náà ti pẹ́ kó tó dé. Àwọn mìíràn sọ pé ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ló ń ṣiṣẹ́ fún láti ọdún 1992, pé ilé iṣẹ́ náà ti sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, àti pé ìrísí lásán ló ń ṣe, kì í ṣe òun ló dá ẹ̀rọ kankan sílẹ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí ni kí ẹnì kan gbé ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ náà kalẹ̀, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde, kí ó sì wádìí apá ibo lára rẹ̀ gan-an ni oyè náà wà fún. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò iPod àkọ́kọ́, ẹ̀rọ orin kékeré tí Apple fi han aráyé ní oṣù kẹwàá ọdún 2001.

Ẹ̀rọ náà ga ní sẹ̀ǹtímítà 10.2, ó fẹ̀ ní 6.2, ó sì nípọn tó 2. Ìwọ̀n rẹ̀ kò tó gíráàmù 190. Lójú ẹni tí fóònù òde òní ti mọ́ lọ́wọ́, ó nípọn, ó sì wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwúwo náà pín dọ́gba débi pé kò tẹ̀ sí ibì kan nígbà tí a bá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Iwájú rẹ̀ jẹ́ ike funfun tí ike mìíràn tó mọ́ gaara bò, èyí tó mú kí ojú rí ìjìnlẹ̀ díẹ̀ nínú funfun náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, tí wọ́n dán títí ènìyàn fi lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí orí ìṣó kankan tó hàn síta, kò sí ìdérí bátìrì, kò sì sí ibi tí a lè ti èékánná bọ̀ láti ṣí i. Kẹ̀kẹ́ roboto tó wà níwájú rẹ̀ ń yí ní ti gidi lábẹ́ àtàǹpàkò. Nínú àwọn iPod tó tẹ̀lé e ni wọ́n ti sọ ọ́ di èyí tí kì í yí mọ́, tó kàn ń mọ ìrìn ìka. Bí a bá yí i jẹ́jẹ́, orúkọ orin ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá yí i kánkán, àkójọ orin náà ń sáré lọ. Ohun tó mú kí ènìyàn lè wá orin kan jáde láàárín ẹgbẹ̀rún kan nìyẹn, láìtẹ bọ́tìnnì ní àìmọye ìgbà, èmi kò sì rò pé ẹ̀rọ orin kankan nígbà náà ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ kẹ̀kẹ́ náà gan-an ni ibi tí ọ̀rọ̀ oyè ti ń díjú. Phil Schiller, tó wà nídìí ìpolówó ọjà ní Apple nígbà náà, ló dábàá pé kí wọ́n lo kẹ̀kẹ́. Jon Rubinstein, tó ń darí iṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀, ló rí dísíìkì kékeré ti Toshiba, tó gba gígábáìtì 5, èyí tí kò bá sí, ẹ̀rọ náà ì bá má lè kéré tó bẹ́ẹ̀ rárá. Tony Fadell, tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001, ló darí àwọn tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ọdún náà tó parí. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, PortalPlayer àti Pixo, ló pèsè ọpọlọ ẹ̀rọ náà àti ìpìlẹ̀ ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ẹni tó bá sì sọ pé Ive ló dá iPod sílẹ̀ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí láìtọ́.

Kí wá ni ti Ive? Mo gbà pé òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ni ìpinnu tó mú kí gbogbo àkójọpọ̀ yìí di ohun kan ṣoṣo. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ orin jẹ́ dúdú tàbí aláwọ̀ fàdákà, tí bọ́tìnnì kún ara wọn, wọ́n fọwọ́ sí funfun, kì í sì í ṣe ojú ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ṣe ní funfun: okùn tí a ń ti bọ etí pàápàá di funfun, gbogbo ẹni tó bá sì pàdé ọ ní ojú pópó mọ ohun tó wà nínú àpò rẹ láìrí i. Ìpinnu láti pa àwọn bọ́tìnnì pọ̀ yí kẹ̀kẹ́ náà ká, láti jẹ́ kí ike àti irin pàdé láìsí àlàfo, láti má ṣe jẹ́ kí ìṣó kankan hàn, iṣẹ́ tó le gan-an ni, nítorí pé ẹni tó bá ṣe é gbọ́dọ̀ mọ bí ike ṣe ń yọ́, bí irin ṣe ń tẹ̀, àti ohun tí ilé iṣẹ́ tó ń kó o jọ lè ṣe láìmọye ìgbà láìṣe àṣìṣe. Àwọn tó ń pe èyí ní ìrísí lásán kò tíì gbé ẹ̀rọ orin mìíràn ti ọdún 2001 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àtakò kejì ni pé kì í ṣe ti Ive ni ìrísí náà pàápàá. Ẹni tó bá rí rédíò àpò Braun T3 tí Dieter Rams ṣe ní Jámánì ní ọdún 1958, funfun, onígun mẹ́rin, tí ohun roboto kan wà níwájú rẹ̀, yóò mọ ibi tí ojú iPod ti wá. Ive kò fi pa mọ́ pé òun kọ́gbọ́n lára Rams, Rams náà sì ti yin Apple ní gbangba, nítorí náà èmi kò rí olè nínú rẹ̀. Ohun tó wúwo lọ́kàn mi ju èyí lọ ni ọ̀rọ̀ Kane Kramer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti Ive, tó ti ya àwòrán ẹ̀rọ orin kékeré tí kò lo kásẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1979, tí kò rí owó fi mú páténtì rẹ̀ dúró, tí Apple fúnra rẹ̀ sì pè gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí nígbà tí Apple àti ilé iṣẹ́ mìíràn wà nílé ẹjọ́. Kò sí ẹni tó pè é wá sí Ààfin Buckingham. Èyí kò sọ oyè Ive di èyí tí kò tọ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí ọjà rẹ̀ tà ni irú oyè yìí ń rí, kì í sábà rí ẹni tó kọ́kọ́ ronú rẹ̀.

Àléébù ẹ̀rọ náà ńkọ́? Irin ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ha lọ́gán tó bá ti kan kọ́kọ́rọ́ tàbí owó ẹyọ nínú àpò, ìyẹn sì kéré. Èyí tó tóbi ni bátìrì. Ara dídán tí kò ní ìdérí yẹn, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn, ni kò jẹ́ kí ẹni tó fi 399 dọ́là ra ẹ̀rọ náà lè pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá kú. Ní ọdún 2003, Apple bẹ̀rẹ̀ sí í gba 99 dọ́là láti pààrọ̀ rẹ̀; àwọn oníbàárà gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní ọdún 2005. Ọdún yẹn kò tíì parí dáadáa tí orúkọ Ive fi jáde fún oyè CBE, èyí tó wà ní ìpele kan nísàlẹ̀ KBE. Èmi kò rò pé ó yẹ kí wọ́n torí bátìrì fi oyè dù ú, ṣùgbọ́n bí a bá ń yin ọwọ́ tó dí ẹ̀rọ náà pa, ọwọ́ yẹn náà ló ni ìnira tó tibẹ̀ wá, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ máa sọ méjèèjì pọ̀.

Wọ́n sábà máa ń fi Tim Berners-Lee wé e, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, tó gba KBE ní ọdún 2004, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ rẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù lélẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 1993. Ìfiwéra náà kò bá Ive ṣe rere bí ó bá jẹ́ pé ọrẹ fún aráyé ni à ń wọ̀n. Àmọ́ iṣẹ́ lórí dísáìnì àti ìdàgbàsókè òwò ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Ive, àwọn méjèèjì sì wà nínú ẹ̀rọ tí mo ń yẹ̀ wò yìí. Ní ọdún 2012 kan náà, D&AD, ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń fún àwọn dísáínà ní ẹ̀bùn, fi oríyìn fún Ive àti àwọn dísáínà Apple lápapọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ dísáìnì tó ta yọ jù lọ láàárín àádọ́ta ọdún. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan, oríyìn yẹn ni mo rò pé ó bá ohun tó wà lọ́wọ́ mi mu jù. Oyè ọba kò mọ bí a ṣe ń bọlá fún ẹgbẹ́, Ive sì ni ẹni tí ó yẹ kó dúró níwájú tí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni a fẹ́ pè.

Apple ti dẹ́kun títa iPod láti ọdún 2022, nítorí náà ọwọ́ àwọn tó ti lò ó rí nìkan ni a ti lè rí àkọ́kọ́ yìí rà. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á rí i dájú pé kẹ̀kẹ́ náà ń yí láìhá, pé ike iwájú kò là, àti pé òun ní wáyà FireWire àti kọ̀ǹpútà tó ṣì lè gbà á, nítorí ojú yẹn nìkan ni orin àti iná ń gbà wọlé. Kí ó má retí wákàtí 10 tí Apple ṣèlérí fún bátìrì rẹ̀, àyàfi bí ẹnì kan bá ti ṣí i fi tuntun sí i.