Ìyẹ́ hydrofoil yìí dára, àmọ́ etí rẹ̀ mú bí abẹ

Ọgbẹ́ ẹ̀yìn ojúgun òsì mi ti jinná. Àpá rẹ̀ gùn tó ìka, ó tọ́ gbọnrangandan bí ẹni fi rúlà fà á. Òkúta kọ́ ló gé mi, ìkarahun kọ́. Ìyẹ́ iwájú tí mo fi owó iṣẹ́ mi rà ni.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà: pákó là ń dúró lé, òpó kan ti abẹ́ rẹ̀ wọnú omi, ìyẹ́ méjì wà nísàlẹ̀ òpó, ńlá níwájú, kékeré lẹ́yìn. Ìgbòkun tí a fẹ́ atẹ́gùn kún, tí a dì mú lọ́wọ́, ló ń fà wá. Bí a bá ti ń sáré tó, ìyẹ́ á gbé pákó kúrò lójú omi bí apá bàálù ṣe ń gbé bàálù. Hayling Island, ní gúúsù England, ni mo ti ń gùn ún.

Kí n kọ́kọ́ sọ ire ìyẹ́ náà. Òwú káàbọ̀nù ni wọ́n fi ṣe é, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,250 cm², kò wúwo. Bí atẹ́gùn bá rọlẹ̀ tí àwọn mìíràn jókòó sétí òkun, èmi ṣì ń fò. Mi ò tíì gun èyí tó rọ̀ mí lọ́rùn tó o.

Etí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìjà mi wà. Mo ṣubú níbi tí omi ò jìn, pákó dojú dé, ẹsẹ̀ mi gbá ìyẹ́. Aṣọ rọ́bà oní mìlímítà mẹ́rin ló wà lára mi. Ó gé aṣọ, ó gé ẹran. Nọ́ọ̀sì rán an ní ojú márùn-ún.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é kó lè sáré, pé bí mo bá fi sáńpépà kàn án, wáránti ti bàjẹ́ nìyẹn. Inú bí mi gidi. Lóòótọ́, etí ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kí omi òkè àti tìsàlẹ̀ lè pàdé wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n abala méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ di ìyẹ́. Gọ́ọ̀mù epoxy máa ń yọ jáde lójú ìlẹ̀pọ̀, á gan, bí wọn ò bá sì ha á kúrò, ó di abẹ. Wọn ò ha tèmi.

Mo ra sáńpépà tí a ń lò pẹ̀lú omi, nọ́ńbà 240, 400 àti 600. Mo bu omi sí korobá, mo kán ọṣẹ ìfọbọ́ sí i, mo we pépà mọ́ igi pẹlẹbẹ, mo ń fà á lọ gbọọrọ láti ṣóńṣó kan dé èkejì. Omi náà dúdú bí aró. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan bomú, ẹ má ṣe é ní gbígbẹ: eruku káàbọ̀nù burú fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń yún ni lára bí wèrèpè. Bí ẹ bá ti rí òwú káàbọ̀nù, ẹ dúró, ẹ fi epoxy bò ó kí omi má wọlé. Ní etí iwájú, ìlà ìlẹ̀pọ̀ nìkan ni mo ha. Bó ṣe rí roboto yẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ìyẹ́ gbéra, ẹ má bà á jẹ́.

Lákọ̀ọ́kọ́ mo ṣe àṣìṣe. Mo jẹ́ kí etí ẹ̀yìn rí roboto, ìyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lórí eré, mo ń gbọ́ ọ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Omi ló ń yí kúrò létí roboto náà, lókè, nísàlẹ̀, lókè, nísàlẹ̀, tó ń gbọ̀n ọ́n. Mo padà fi 400 ha á ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ nìkan, kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Ó dákẹ́.

Ọ̀rá ìrajà ni mo fi dán an wò. Kí n tó ha á, mo wọ́ ọ̀rá lé etí náà, ó là á sí méjì láìfipá. Lẹ́yìn náà, ọ̀rá kan náà yọ̀ kọjá. Mo ti ṣubú lù ú lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, ara mi wú, kò gé mi. Eré rẹ̀ kò dín lójú mi.

Mo fún un ní mẹ́ta nínú márùn-ún. Ìbá gba márùn-ún ká ní wọ́n ti ha á níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó ra sáńpépà mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, kó má sì tíì gbé e wọnú omi.