Bessie Smith ti 1923: ẹ dín báàsì kù kí ẹ tó sọ pé ohùn rẹ̀ tín-ín-rín

Síídì méjì ni The Complete Recordings, Vol. 1, tí Columbia kó jáde ní 1991. Orin 38 ló wà níbẹ̀, 1923 sí 1924, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹni tó ń wá Bessie Smith, akọrin blues ará Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe kan ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbádùn rẹ̀: wọ́n ń fi ẹ̀bi ẹ̀rọ dá akọrin lẹ́bi.

Gbohùngbohùn oníná kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ká orin nígbà náà. Iwájú ìwo ńlá kan ni Bessie ń dúró sí, agbára ohùn rẹ̀ ló sì ń mi abẹ́rẹ́ tó ń fín orin sára ìda. Bí ìlù ńlá bá dún, abẹ́rẹ́ a ta, iṣẹ́ a bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń gbọ́ dùùrù Clarence Williams nìkan nínú Down Hearted Blues, bí ẹni pé láti yàrá kejì. Ní 15 oṣù Kejì 1923 wọ́n gbìyànjú orin yìí, kò bọ́ sí i. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí èyí tó jáde. Alberta Hunter, tí òun àti Lovie Austin jọ ṣe orin náà, ti kọ ọ́ sáwo ní 1922. Ti Bessie ló gbòde.

Abẹ́ àgọ́ eléré ló ti kọ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá ti wo Ẹ̀fẹ̀ lóru ní Kétu yóò mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀: ó ní láti dé ẹ̀yìn èrò láìsí ẹ̀rọ. Á kọ ìlà kan, á tún un kọ, ṣùgbọ́n á fa ọ̀rọ̀ mìíràn gùn lẹ́ẹ̀kejì. Ìlà kẹta ló ń dáhùn.

Àwọn sípíkà alárìwo tó kún ọjà Ouando ní Porto-Novo kò ṣeé lò bí wọ́n ṣe wà. Ìwo yẹn kò gba báàsì gidi kankan, hùn-ùn ẹ̀rọ lásán ni báàsì yín ń gbé sókè. Ẹ dín in dé ìsàlẹ̀, ẹ fi àárín sílẹ̀, ẹ dín òkè díẹ̀. Bí ẹ bá pa gbogbo ariwo ṣíí-ṣíí yẹn, “s” àti “t” a bá a lọ. Ohun tó ba ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ọ̀fẹ́ orí fóònù jẹ́ nìyẹn. Sípíkà kan tó.

Bí àwo àtijọ́ gan-an bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má fi ọtí líle nù ún, yóò yọ́. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ni, kó má kan bébà àárín. Abẹ́rẹ́ tó nípọn, ti àwo 78 (èyí tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan), ni kí ẹ lò.

Ẹ má gbọ́ gbogbo 38 léraléra, ó ń sú ni. Síídì kejì jọra jù. St. Louis Blues pẹ̀lú Louis Armstrong kò sí níbí: oṣù Kínní 1925 ni wọ́n ká a, Vol. 2 ni kí ẹ wá.