Mandolíìnì ẹlẹ́yìn-igbá àtijọ́: èyí tí ojú rẹ̀ là àti èyí tí ọrùn rẹ̀ gbéra

Bí ẹ bá rí mandolíìnì ẹlẹ́yìn-igbá méjì, ohun èlò orin olókùn bíi gìtá kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto bí igbá, láàárín ẹrù tòkunbọ̀ ní Alábà, tí ojú ọ̀kan là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí ohùn ń gbà jáde, tí èkejì ń dán gbinrin, tí gbogbo ọ̀ṣọ́ ìkarahun ojú rẹ̀ ṣì pé, èyí tó ń dán ni ọwọ́ máa kọ́kọ́ lọ bá. Ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó yọ owó, torí ó lè ti gbéra, ìyẹn ni pé okùn ti fà á síwájú kúrò nípò.

Okùn mẹ́jọ ló ń fa ọrùn yẹn síwájú látọjọ́ tó ti wà. Kò sí irin nínú rẹ̀ tí a lè fún le bíi ti gìtá òde òní. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi awọ ẹran sè ló di oríkèé, ibi tí ọrùn ti so mọ́ ara, mú, ooru sì máa ń rọ̀ ọ́. Bó bá wà nínú búùtù mọ́tò láti Ọ̀jọ́ dé Ìsàlẹ̀ Èkó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀sán, oríkèé tó ti ń mì lè ṣí pátápátá.

Ẹ gbé rúlà irin tó tọ́ lé orí fúrẹ́ẹ̀tì, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, kí ẹ tì í títí yóò fi kan bíríìjì, igi kékeré tó gbé okùn sókè lójú mandolíìnì. Ó yẹ kó bọ́ sí ẹ̀bá orí bíríìjì. Bó bá jẹ́ ìdí bíríìjì ló lọ gún, ọrùn ti gbéra nìyẹn. Bí kò bá sí rúlà, káàdì ATM ń ṣiṣẹ́: ọ̀kan nípọn tó nǹkan bíi 0.8 mm. Bí wọ́n bá ti fún okùn dé ohùn G, D, A, E tí ó yẹ kí wọ́n máa dún, ẹ to káàdì sáàárín okùn àti fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá. Méjì sí mẹ́ta dára. Mẹ́rin, ẹ lè fá bíríìjì díẹ̀. Mẹ́fà, ẹ dá a padà. Bíríìjì tí wọ́n ti fá títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ, àṣírí ọrùn ni wọ́n fi ń bò. Ìṣó tàbí skúrù nídìí ọrùn burú jùyẹn lọ.

Kí ọrùn tó lè padà sípò, a ó tú u, a ó fọ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, a ó tún oríkèé gé, a sì lè ní láti tún fúrẹ́ẹ̀tì tò. Owó iṣẹ́ yẹn sábà máa ń ju owó mandolíìnì gan-an lọ, torí ọ̀pọ̀ lára wọn jẹ́ ọjà ilé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu.

Ojú tó là yàtọ̀. Bó bá là tẹ̀lé ìlà igi, tí etí méjèèjì dọ́gba, gọ́ọ̀mù awọ àti pákó pẹlẹbẹ kéékèèké lábẹ́ rẹ̀ máa ń dì í mú. Ẹ fi ìka kàn án: bó bá ń dún jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, igi ìtìlẹ́yìn inú ti já, iṣẹ́ sì le, torí ihò yẹn nìkan ni ọwọ́ lè gbà wọlé. Ìgbà òjò máa ń pa ìlà mọ́ torí igi wú. Ọyẹ́ ni yóò fi í hàn. Ibi tí ojú ti tẹ̀ lẹ́yìn bíríìjì kì í ṣe àbùkù, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú igbá nínú òkùnkùn, kí ẹ wo bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín àwọn pákó ẹ̀yìn rẹ̀. Kí gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń fún okùn yí.

Ẹni tó fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, kó mú èyí tó ń dán. Ẹni tó fẹ́ máa fi ṣeré orin, èyí tó là ni tirẹ̀, bí ọrùn bá tọ́. Okùn tín-ín-rín ni kí ẹ fi sí i, 0.009 inch fún okùn E; 0.011 tí àwọn mandolíìnì ẹlẹ́yìn pẹrẹsẹ ń lò yóò tún fa ọrùn náà. Ẹ má sì jẹ́ kí káfíńtà fi gọ́ọ̀mù funfun tàbí Araldite kan oríkèé, torí ẹni tó bá fẹ́ tú u lẹ́yìn náà lè fọ́ igi kó tó ṣí.