Ìkìlọ̀ fún ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ẹ má san owó fún “CDL Amẹ́ríkà” tí wọ́n ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ tó fẹ́ wa tírélà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá ọ̀nà òkè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń pe ara rẹ̀ ní olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ àjàgbé. Ìwé ìpolówó rẹ̀ wà lára òpó iná láti Ìbàdàn Gáréèjì títí dé Sábó ní Ṣágámù, ó sì ń lọ káàkiri lórí WhatsApp. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ tírélà, ẹ ó gba CDL, ìyẹn láísẹ́ǹsì tí àwọn awakọ̀ àjàgbé ń lò ní Amẹ́ríkà, níbí ní Ìjẹ̀bú, ilé-iṣẹ́ kan ní Texas yóò sì fi ìwé iṣẹ́ pè yín. ₦850,000 ni owó rẹ̀, ẹ sì lè san án díẹ̀díẹ̀.

Irọ́ ni. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó jẹ́ òótọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, n kò sì fẹ́ ohun tó máa da ẹjọ́ náà rú. Ẹni tó bá ti bá a pàdé yóò mọ ẹni tí mò ń sọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn tó san owó. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Mọ́tò-bọ́ì ni lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ṣágámù, ó mọ bí wọ́n ṣe ń so tapólì, ó mọ bí wọ́n ṣe ń yí táyà, kí ọ̀gá rẹ̀ gbé sítíárìn lé e lọ́wọ́ ló kù. Ìyá rẹ̀ ń ta gàárì ní Òkè-Àjẹ. Èsúsú tó ti ń dá bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ló kó, ó tún yá lé e. Nígbà tí wọ́n san owó ìkẹyìn tán, ọmọ náà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀gá náà ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí dùn mí ju owó náà lọ.

Mo lọ wo “ilé-ẹ̀kọ́” náà fúnra mi. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni, wọ́n wó ògiri àárín wọn. Fídíò YouTube ni wọ́n ń gbé sára ògiri fún àwọn ọmọ láti wò. Ní ẹ̀yìnkùlé, hẹ́ẹ̀dì tírélà aláwọ̀ búlúù kan wà níbẹ̀, tí wọ́n kùn lọ́dà tuntun. Koríko ti yọ gba abẹ́ táyà iwájú rẹ̀. Mo ṣí ibi tí bátìrì ń wà, kò sí bátìrì níbẹ̀. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tó yẹ kó lọ sí bíréèkì bọ́dì, ìyẹn ẹ̀yìn tírélà tó ń ru ẹrù, kàn fà sílẹ̀ lẹ́yìn ni. Hẹ́ẹ̀dì yìí ni wọ́n ń ní kí àwọn ọmọ gùn, kí wọ́n fi ọwọ́ lé sítíárìn, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá ya fọ́tò wọn. Fọ́tò wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń pe àwọn mìíràn wá. Nínú gbogbo àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó wa ọkọ̀ náà kúrò lójú kan rí.

Wọ́n fún ọmọ náà ní sítífíkéètì. Ó wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Bébà rẹ̀ nípọn, òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwòrán ẹyẹ idì Amẹ́ríkà wà lókè. “Commercial Driver License, Class A” ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà, wọ́n wá kọ “State of Houston” sábẹ́ rẹ̀. Houston kì í ṣe ìpínlẹ̀. Ìlú ni, inú ìpínlẹ̀ Texas ló wà. CDL gidi kì í sì í ṣe bébà tí ènìyàn ń fi há férémù. Káàdì pélébé ni, bíi láísẹ́ǹsì tiwa níbí, fọ́tò ẹni àti àdírẹ́sì ẹni wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí lọ́hùn-ún, torí àìmọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ọkùnrin náà ń jẹ lé lórí.

Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kì í fún ẹnikẹ́ni ní CDL. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fún ni. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni láti kọ́ni, kó sì jẹ́rìí pé òun kọ́ni. Láti ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2022, òfin wọn ní ẹni tó bá fẹ́ gba CDL Class A, ìyẹn ti tírélà, tàbí Class B, ìyẹn ti ọkọ̀ ńlá tí kì í ṣe tírélà, fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Training Provider Registry. Àjọ FMCSA, tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì níbẹ̀, ló ni àkọsílẹ̀ yẹn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì wà, ẹnikẹ́ni lè ṣí i lórí fóònù. Mo wá ilé-ẹ̀kọ́ ti Ìjẹ̀bú-Òde yìí nínú rẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ènìyàn ní láti yege nínú ìdánwò ìwé kí wọ́n tó fún un ní CLP, èyí tí í ṣe ìwé àṣẹ ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ó kéré tán, ọjọ́ 14 gbọ́dọ̀ kọjá lórí CLP yẹn kí wọ́n tó lè dán an wò lórí ọkọ̀. Ìdánwò ọkọ̀ náà sì pín sí mẹ́ta. Awakọ̀ yóò kọ́kọ́ yí ọkọ̀ po, yóò máa tọ́ka sí ohun tó ń yẹ̀ wò, láti orí ẹ́ńjìnnì dé táyà, dé bíréèkì afẹ́fẹ́, yóò sì máa sọ ohun tó ń wá lára wọn. Yóò wá fi ọkọ̀ náà rìn nínú gbàgede, yóò fi ẹ̀yìn rìn wọ àyè tí wọ́n là sílẹ̀ fún un. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa bá a jáde sójú títì. Tírélà gidi ni wọ́n fi ń ṣe ti Class A, èyí tí ìwọ̀n òun àti bọ́dì rẹ̀ pọ̀ tó 26,001 páùn sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tọ́ọ̀nù 12. Dókítà gbọ́dọ̀ ti yẹ awakọ̀ wò pẹ̀lú. Èwo nínú èyí ni ènìyàn fẹ́ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Ọmọ ọdún 19 kan wà lára àwọn tó gba owó lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin náà ṣèlérí fún un pé yóò máa gbé ẹrù láti Texas lọ sí California. Òfin wọn ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò gbọ́dọ̀ fi àjàgbé gbé ẹrù láti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn.

Ní ti físà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn dá físà iṣẹ́ fún awakọ̀ àjàgbé dúró. Lẹ́yìn ìkéde yẹn ni ọkùnrin yìí ṣì ń gba owó físà. Ìwé iṣẹ́ “ilé-iṣẹ́ Texas” tó fi ránṣẹ́ sí ọmọ wa, orí Gmail tí ẹnikẹ́ni lè ṣí lọ́fẹ̀ẹ́ ló ti wá.

Apá kejì ọjà rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù. Àwọn tí kò bá lè san ti Amẹ́ríkà, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ₦150,000 wá, òun á bá wọn gba láísẹ́ǹsì Class G láì ṣe pé wọ́n jáde nílé. Class G ni ti tírélà ní Nàìjíríà. Class B ti Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ wa fi ń wa ọkọ̀ ilé, kò fún ènìyàn láṣẹ láti wa tírélà.

Ẹ ronú sí i. Gbogbo wa la mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójú títì Èkó sí Ìbàdàn, ní Ògèrè, ní oríta Ṣágámù tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọrẹ̀ ti yà. Ọkọ̀ agbépo ń kọjá níwájú ilé wa, òmíràn gbé epo 33,000 lítà. Ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ mọ̀ pé tí ẹrù bá wúwo tí ọ̀nà sì ń sọ̀ kalẹ̀, gíà kékeré ni wọ́n fi ń di ọkọ̀ mú, pé tí ènìyàn bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ títí ọkọ̀ á fi dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà, bíréèkì á gbóná, kò sì ní gbá mú mọ́. Ó mọ̀ pé kí òun wo gééjì afẹ́fẹ́ kí òun tó gbéra. Ẹni tó fi ₦150,000 ra Class G kò mọ èyí. Ọmọ ta ni yóò wà nínú bọ́ọ̀sì tó wà níwájú rẹ̀?

Ọ̀nà tó tọ́ wà, kò sì pamọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí àjọ FRSC fọwọ́ sí ni kí ẹ lọ, kí ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ wọn hàn yín. Ẹ ó gba ìwé àṣẹ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, VIO á dán yín wò, ẹ ó sì lọ fúnra yín síbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ń ya fọ́tò, tí wọ́n sì ń gba ìka ọwọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ jókòó sílé, òun á bá yín ṣe é, káàdì ayédèrú ló fẹ́ kó lé yín lọ́wọ́. Ní ti iṣẹ́ náà gan-an, títí di òní, ọ̀dọ̀ ọ̀gá awakọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ jù lọ ní ilẹ̀ wa. Ó pẹ́, ó ní ìyà nínú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ kọ́ ọ mọ ohun tó ń ṣe.

Ohun tí ẹ ó fi dá ọkùnrin yìí àti irú rẹ̀ mọ̀ rèé. Àkáǹtì tó ń gba owó, orúkọ ẹni ni, kì í ṣe orúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo ìgbà ni “àyè márùn-ún péré ló kù”. Wọ́n kọ “owó tí a bá ti san kò ṣeé gbà padà” sẹ́yìn rìsíìtì, kékeré báyìí. Ó tún ń ṣèlérí ₦50,000 fún ẹni tó bá mú ẹni méjì wá. Ìlérí yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ kan ní Mòlípà, torí pé ẹni tó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kò mọ nǹkan kan, òun náà fi owó tirẹ̀ há síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá ara yín jà. Ẹni kan ṣoṣo ló jí owó yín.

Tí ẹ bá ti san owó, ẹ má pa ọ̀rọ̀ inú WhatsApp rẹ́, bó ti wù kí inú bí yín tó. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ gbogbo, àti ti rìsíìtì ìfowóránṣẹ́. Ẹ sáré sọ fún báǹkì yín, nítorí tí owó náà bá ṣì wà nínú àkáǹtì, wọ́n lè dì í mú. Ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí, ẹ sì kọ̀wé sí EFCC. Ẹ má kó ọ̀dọ́ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù láti lọ lù ú. Ìyá kan láti Òdogbolú gba díẹ̀ padà nínú owó rẹ̀, rìsíìtì àti ọlọ́pàá ló mú lọ, kò pariwo.

Mo gbọ́ pé ó ti gba ilé míì ní ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, orúkọ tuntun ló sì fẹ́ fi ṣí i. Ó ti ń pe àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè pé kí wọ́n wá san ìyókù kí oṣù yìí tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyè wọn á lọ. Tí ìyókù owó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ má san án.