Okùn slalom tí mo rà ní Làfẹ́nwá

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ski sáré lórí omi, okùn slalom gidi, èyí tí ọkọ̀ ojú omi fi ń fà wá bí a ṣe ń yí bọ́ọ̀yì (àmì tó léfòó sórí omi) ká, wà ní Abẹ́òkúta o! Màmá kan tó ń ta okùn ní Làfẹ́nwá ló bá mi kó o wá láti Èkó. "Ọmọ mi, wọ̀n ọ́n kóo tó sanwó." Mo fa téèpù yọ, mo wọn àwọn àmì ibi tí wọ́n ti ń dín gígùn okùn kù: àmì pupa wà ní mítà 18.25, àwọ̀ ọsàn ní 16, yẹ́lò ní 14.25. Ó pé géérégé. Ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí pé mítà 11.5 ni bọ́ọ̀yì kọ̀ọ̀kan fi jìnnà sí àárín ipa ọkọ̀; tí wọ́n bá ti dín okùn kù dé mítà 11.25, okùn ò ní gùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ara àti apá lèèyàn máa nà débẹ̀. Rọ́bà ìdìmú rẹ̀ nìkan ni mi ò fẹ́ràn, ó ń yọ̀ tọ́wọ́ bá tutù. Owó rẹ̀ wọ́n díẹ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ Màmá náà ni màá tún ti rà á.