Gear switch tàbí sitátà: èwo ló yẹ mọ́tò ẹ̀rọ yín?

Ìbàdàn ni mo ti ń lọ oúnjẹ adìẹ tà. Mọ́tò ẹ̀rọ mi jẹ́ 10 hp, iná oníféèsì mẹ́ta ló ń jẹ, ìyẹn iná tó ń gba wáyà mẹ́ta wọlé: pupa, yẹ́lò àti búlúù. Mo ti fi gear switch (suwíìṣì onífíùsì tí a ń fi ọwọ́ fà) tàn án rí, mo fi sitátà lásán (àpótí oníbọ́tìnnì tí a fi ń tan mọ́tò) tàn án, sitátà tó ní ẹ̀ṣọ́ féèsì ni mo ń lò báyìí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ló rán mi lọ sọ́dọ̀ oníriwáyà, ẹni tó ń tún kọ́ìlì mọ́tò wé.

Ẹ jẹ́ n tètè yanjú èyí tí kò le. Ní ti owó, gear switch ló dín jù. Ní ti àtúnṣe, òun náà ni: fíùsì jó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ó parí. Bí iná bá rẹlẹ̀, kọ́ńtátọ̀ inú sitátà (suwíìṣì tí kọ́ìlì rẹ̀ ń fà pa bíi mágínẹ́ẹ̀tì) á máa gbọ̀n, á máa pariwo bíi kòkòrò tó há sínú agolo, ṣùgbọ́n gear switch kò mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Àìmọ̀ rẹ̀ yìí náà ló léwu. Bí NEPA bá mú iná lọ tí ẹ gbàgbé láti fa ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, ìgbà tí iná bá dé ni ẹ̀rọ máa dìde fúnra rẹ̀, kódà kí ọmọ iṣẹ́ ti ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Sitátà kò ní tàn àfi tí ẹnìkan bá tẹ bọ́tìnnì.

Féèsì kan tó bá lọ ni ọ̀rọ̀ gan-an. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: fíùsì kan já nídìí tiransifọ́mà, ilé yìí ní iná, ìyẹn wà lókùnkùn. Mọ́tò tó bá wà ní ìdúró nígbà náà á kàn máa kùn ni, kò ní yí. Èyí tó ti ń yí tẹ́lẹ̀ kò ní dúró o. Féèsì méjì tó kù á máa ru ẹrù mẹ́ta, iná tó ń gba inú wọn á sì fò sókè dé bí ìlọ́po 1.7. Bí mọ́tò mi ṣe kọ́kọ́ jó lórí gear switch nìyẹn. Oníriwáyà tú u, ó pè mí kí n wá wò ó: kọ́ìlì féèsì kan dúdú bí èédú, méjì yòókù ń dán. Ó ní, "Alàájì, iná ò burú, féèsì kan ló sá lọ."

Mo bá ra sitátà. Elétíríkì tó so ó yọ fíùsì pupa láti fi dán an wò, sitátà já pàú, mo pàtẹ́wọ́. N kò mọ̀ pé ara féèsì pupa yẹn àti níútírà ni kọ́ìlì kọ́ńtátọ̀ ti ń jẹun. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, búlúù ló lọ. Pupa wà níbẹ̀, kọ́ńtátọ̀ di ara rẹ̀ mú gbọin, mọ́tò jó lẹ́ẹ̀kejì. Overload, ẹ̀yà sitátà tó yẹ kó gé iná bí mọ́tò bá ń jẹ iná jù, ńkọ́? Elétíríkì ti yí i sókè nítorí pé ó ń já ṣáá. Mọ́tò 10 hp kì í jẹ ju bí 15 amp lọ, orí 24 ni mo bá a.

Nítorí náà, ẹ ra ẹ̀ṣọ́ féèsì mọ́ sitátà. Phase failure relay ni kí ẹ pè é lọ́jà. Féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń wò. Ọ̀kan lọ, á gé iná kọ́ìlì. Bí àwọn tó wá tún tiransifọ́mà ṣe bá pa féèsì dà, tí mọ́tò fẹ́ máa yí sẹ́yìn, á mọ̀.

Ní ti kọ́ńtátọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi nọ́ńbà amp ńlá ara rẹ̀ tàn yín. AC-1 ni nọ́ńbà ńlá yẹn, ti ohun tó ń gbóná bíi híítà ni. AC-3 ni ti mọ́tò: èyí tó jẹ́ 32 ní AC-1 lè jẹ́ 18 péré ní AC-3. Ẹni tó ní 10 hp, 18 ti AC-3 ni kó wá.

Gear switch náà ní ẹni tó yẹ: ẹni tó ń lọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó ń dúró ti ẹ̀rọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí etí rẹ̀ sì mọ̀ bí ohùn mọ́tò bá yí padà. Ẹni tó máa ń fi ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ kírun bíi tèmi, sitátà oní-ẹ̀ṣọ́ ni kó rà.

Kí elétíríkì yín tó gba owó iṣẹ́, ẹ ní kó pa iná pátápátá, kó yọ fíùsì kan, kó dá iná padà, kó wá tẹ bọ́tìnnì. Kò gbọ́dọ̀ tàn. Kó ṣe é fún pupa, kó ṣe é fún yẹ́lò, kó ṣe é fún búlúù. Pupa nìkan ni tèmi yọ.